Bí Olóyè Ògúnkànmí Ṣe Pa Eégbọn Lẹ́nu Mọ́

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí Olóyè Ògúnkànmí Adéyanjú ṣe tóbi tó ní Mowe lọ́dún 2007, kí ó má wulẹ̀ wo mọ́tò rẹ̀, kí ó má sì wo ilé rẹ̀ ní Magboro. Kí ó lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Lotto, kí ó jókòó jẹ́ẹ́, kí ó dúró di ìgbà tí Olóyè bá sín. Bí ó bá sín lẹ́ẹ̀kan, ènìyàn mọ́kànlá ni yóò dìde. Bí ó bá sín lẹ́ẹ̀mejì, wọn yóò pàtẹ́wọ́. Ó sín lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ kan, obìnrin kan ní ẹ̀ka ìwé títẹ̀ bú sẹ́kún ayọ̀, wọ́n sì gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́ lóṣù tó tẹ̀lé e.

Olóyè yìí ni Olùdarí Àgbà fún Àjọ Ìgbógunti Kòkòrò Ara Ẹran Ọ̀sìn, àjọ tí ó yẹ kí ó máa bójú tó gbogbo ẹran láti Ibafo títí dé Ifo. Kí ó tó dé ipò náà, kò fọwọ́ kan màlúù rí àfi nínú àwo ọbẹ̀. Ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ni ọ̀rọ̀ sísọ. Ó ti sọ̀rọ̀ fún ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ lórí pèpéle tó pọ̀, ohùn rẹ̀ sì dà bí agogo ilé ìwé. Nígbà tí ìbò parí, àwọn tó wọlé wá ibi tí wọn yóò fi í sí tí ohùn náà kò ní í dí wọn létí. Wọ́n wá a títí, wọ́n fi í ti màlúù.

Igbákejì rẹ̀ ni Bólúwadúró, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọrùn rẹ̀ ti lọ́ nítorí pé ó ṣáà ń mi orí sí gbogbo ọ̀rọ̀. Láràárọ̀ ni yóò dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, fáìlì lábíyá.

"Bàbá wa, ẹ káàárọ̀ o! Ẹ̀yin lẹ dé tí oòrùn fi yọ."

"Oòrùn ti yọ kí n tó dé," ni Olóyè yóò dáhùn, nítorí ó fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ pé oníwà-ìrẹ̀lẹ̀ ni òun.

"Ó yọ láti wá wo ọ̀nà yín ni, sà."

Bólúwadúró yìí kan náà ni ó dá òfin kan sílẹ̀ tí kò sí nínú ìwé kankan. Olóyè ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ohun tí ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ náà ru jù ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: *ṣùgbọ́n*. Nítorí náà, lẹ́tà yòówù tí *ṣùgbọ́n* bá wà nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ ti Yorùbá, ì báà jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọdọ̀ dé orí tábìlì Olóyè. Inú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ nínú yàrá Bólúwadúró ni yóò sùn sí. Ẹ ò rí i pé ìfẹ́ ni. Láàárín ọdún kan, kò sí ìròyìn burúkú kankan tó dé etí Olóyè, òun náà sì gbà pé kò sí nǹkan burúkú kankan tó ń ṣẹlẹ̀.

Lẹ́tà Dókítà Hàfísátù Ọ̀ṣuntóyìn kò ní *ṣùgbọ́n* nínú. Bí ó ṣe rí ọ̀nà kọjá nìyẹn.

Ọmọ Ìkìrun ni Hàfísátù, ó ti tó ọmọ ogójì ọdún, iṣẹ́ ìwádìí nípa àwọn kòkòrò tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran ni ó kọ́. Ó háyà ilé kékeré kan ní Ibafo. Ó ń sùn nínú yàrá kan. Nínú yàrá kejì, ó ní fíríìjì, àwọn ehoro díẹ̀, ẹ̀rọ tí a fi ń wo ohun tí ojú lásán kò lè rí, àti ọgọ́rọ̀ọ̀rún eégbọn nínú àwọn ìgò tí ó fi aṣọ bo ẹnu wọn. Onílé rẹ̀ rò pé irúgbìn ni ó ń tà. Ohun tí ó kọ lẹ́tà sí Àjọ fún kò ju pé kí wọ́n yá òun ní ọgbà màlúù wọn tó wà ní Ifo, kí òun lè ṣe iṣẹ́ kan tí àwọn òyìnbó ń pè ní *gene silencing*, èyí tí a lè pè ní pípa jíìnì lẹ́nu mọ́.

Olóyè gba lẹ́tà, ó wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ó rí *g*, ó rí *e*, ó rí *n*. Kò yọ ara rẹ̀ lẹ́nu dé orí lẹ́tà kẹrin. Lójú tirẹ̀, jẹnẹrétọ̀ tí gbogbo Mowe ń pè ní jẹ́ẹ̀nì ni wọ́n ń sọ.

"Obìnrin yìí gbọ́n!" ni ó kígbe. "Ó fẹ́ pa gbogbo jẹ́ẹ̀nì lẹ́nu mọ́! Ariwo wọn ni kì í jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ara mi tí mo bá ń sọ̀rọ̀. Bólúwadúró, ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí!"

Kí aago méjì tó lù, àwọn òṣìṣẹ́ Àjọ ti tú sí ìgboro Lotto. Wọ́n pa jẹ́ẹ̀nì oníṣẹ́ irun nígbà tí ó ti fá orí oníbàárà kan dé ìdajì. Wọ́n pa ti alọta pẹ̀lú ata nínú ẹ̀rọ. Wọ́n pa ti wẹ́dà. Ẹni tí wọ́n fá ìdajì orí rẹ̀ lọ sí ìsìn lọ́jọ́ Sunday pẹ̀lú fìlà, pásítọ̀ ní kí gbogbo ọkùnrin ṣí orí gbàdúrà, èyí tó kù ẹ má bi mí. Àṣẹ Olóyè sì ni pé *gbogbo* jẹ́ẹ̀nì, nítorí náà wọ́n pa ti Àjọ fúnra rẹ̀. NẸ́PÀ kò mú iná wá láti ọjọ́ Tuesday.

Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí Hàfísátù wá gbọ́ èsì lẹ́tà rẹ̀, singilẹ́ẹ̀tì ni ó bá lọ́rùn Olùdarí Àgbà, ó ń fi lẹ́tà náà fẹ́ ara rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ káàsán, sà. Sà, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe jẹ́ẹ̀nì ni mo kọ. Jíìnì ni."

"Kí ni ìyàtọ̀ wọn?"

"Ọ̀kan ń mu bẹntiróòlù, sà. Ìkejì wà nínú ara yín."

Olóyè fọwọ́ kan ikùn ara rẹ̀. "Nínú ara tèmi?"

"Nínú ara gbogbo wa, sà. Ó wà nínú ara eégbọn náà."

"Èmi àti eégbọn, ohun kan náà ló wà nínú wa?"

"Ti Olóyè tóbi jù ú lọ, sà," ni Bólúwadúró sáré sọ.

Hàfísátù rí i pé bí òun kò bá fi ohun tí wọ́n mọ̀ ṣàlàyé, ilẹ̀ yóò ṣú bá òun níbẹ̀. "Sà, ẹ jẹ́ kí n fi ọ́fíìsì yín ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìwé àṣẹ ńlá kan wà tí ẹ tì mọ́ inú àpótí, tí kì í jáde. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ kan, akọ̀wé yóò da ojú ewé kan kọ nínú rẹ̀, yóò fún òjíṣẹ́, òjíṣẹ́ yóò gbé e lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ nísàlẹ̀. Bí inú ara eégbọn ṣe rí nìyẹn. Jíìnì ni ojú ewé inú ìwé ńlá. Èmi yóò wá fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fún eégbọn ní ayédèrú ìwé kan tó jọ èyí tí òjíṣẹ́ gbé lọ́wọ́. Ara eégbọn yóò rò pé ọ̀tá ló wọlé, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fa gbogbo ìwé tó bá jọ ọ́ ya. Yóò fa ti òjíṣẹ́ náà ya. Ọ̀gá ti pàṣẹ, ṣùgbọ́n àṣẹ kò dé ìsàlẹ̀."

Bólúwadúró wúkọ́ gidigidi nítorí ọ̀rọ̀ kan tó jáde níbẹ̀ yẹn.

"Bí iṣẹ́ tí jíìnì yẹn ń rán wọn bá jẹ́ ti ẹyin yíyé," ni Hàfísátù ń bá a lọ, "eégbọn kò ní í lè yé ẹyin bó ṣe yẹ. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ mímu, kò ní í mu àmuyó. Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe máa mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe, lọ́jọ́ kan, a lè ti ibẹ̀ rí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún màlúù. Yóò pẹ́ díẹ̀, sà. Ó lè tó ọdún mélòó kan."

Nínú gbogbo àlàyé yìí, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni Olóyè gbọ́: *pa eégbọn lẹ́nu mọ́*. Ojú rẹ̀ tàn.

"Ṣé a lè ṣe é fún ènìyàn? Alága ẹgbẹ́ wa ní Ajuwon, fún àpẹẹrẹ?"

"Rárá o, sà."

"Ẹ ṣáà wádìí rẹ̀."

Kí Hàfísátù tó dé ibùdókọ̀, iṣẹ́ náà ti ní orúkọ tuntun: Ètò Ògúnkànmí fún Ìpalẹ́numọ́ Eégbọn. Wọ́n tẹ kàlẹ́ńdà fún ọdún 2008. Olóyè wà nínú rẹ̀ láti January dé December, ó na ìka sí eégbọn kan tí ayàwòrán yà tó bí àwọ́nrínwọ́n, eégbọn náà sì kúnlẹ̀. Bí eégbọn ṣe ń kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́jọ, ẹ bi ayàwòrán.

Ìbá jẹ́ pé kàlẹ́ńdà ni gbogbo rẹ̀, ẹ̀rín là bá fi pa. Àmọ́ ní oṣù kìíní ọdún náà, Olóyè ronú, àbájáde ìrònú rẹ̀ sì kó àwọn ènìyàn sí wàhálà. Ó ní bí àwọn ọlọ́sìn màlúù bá ń fín òògùn eégbọn sí ẹran wọn, tí eégbọn bá wá tán, ta ni yóò gba ọpẹ́? Ó gbé òfin jáde: láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ já eégbọn, kò sì gbọdọ̀ fín òògùn sí i, títí Olùdarí Àgbà yóò fi pa á lẹ́nu mọ́ ní gbangba, ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta. Wọ́n fi àgádágodo méjì ti ilé ìkóòògùn Àjọ tó wà ní Ifo, níbi tí àwọn ọlọ́sìn ti máa ń gba òògùn fínfín ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì.

Òṣìṣẹ́ kan béèrè ní ìpàdé pé ṣé ẹran kò ní í kú. Bólúwadúró wò ó tàánútàánú. "Eégbọn so mọ́ àyìnrín apadìẹjẹ nímú," ni ó wí, "ta wá ni adìẹ tí yóò lọ ṣá a jẹ? Jókòó, jàre."

Obìnrin kan wà ní Ifo tí kò jókòó. Sùwéébátù ni orúkọ rẹ̀, opó alápatà, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, màlúù méje ló fi sílẹ̀ fún un, kò sì pa ọ̀kankan nínú wọn. Ó ń sìn wọ́n. Ìyá wọn ni ó ń pè ní Tanímọ̀la. Nígbà tí òfin Olóyè pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó wọ ọkọ̀ láti Ifo dé Lotto, ó wọ ọ́fíìsì, ó tú ìṣẹ́tí ìborùn rẹ̀, ó sì da eégbọn mẹ́sàn-án tó ti yó kẹ́rí sórí tábìlì Olùdarí Àgbà. Ènìyàn mọ́kànlá sún sẹ́yìn.

"Olóyè, ẹ kú iṣẹ́ o. Ara Tanímọ̀la ni mo ti já wọn láàárọ̀ yìí. Mo gbọ́ pé ẹ ní ká má já a. Mo já a."

"Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé eégbọn ìjọba nìwọ̀nyí?"

"Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n mu ńkọ́? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ìjọba náà ni?"

Olóyè dìde, ó gbọn agbádá sẹ́yìn. "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀! Sáyẹ́ǹsì ti gbéra sọ! Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta, gbogbo eégbọn láti Ibafo dé Ifo yóò ya odi, wọn yóò gbàgbé ibi tí ẹnu wọn wà!"

"Tanímọ̀la kò lè dúró di oṣù kẹta, Olóyè. Ara rẹ̀ gbóná. Ìtọ̀ rẹ̀ ti ń pọ́n bíi zobo. Kọ́kọ́rọ́ ilé òògùn nìkan ni mo wá gbà."

"Ẹ sọ fún màlúù náà kó ní ìgbàgbọ́," ni Olóyè wí, ó sì fún un ní kàlẹ́ńdà kan.

Ọjọ́ Friday ni Tanímọ̀la dùbúlẹ̀ tí kò lè dìde mọ́. Sùwéébátù jókòó tì í láti òwúrọ̀, ó ń fi ọwọ́ lé eṣinṣin kúrò lójú rẹ̀. Nígbà tí màlúù náà kú tán, ó ṣì ń lé eṣinṣin náà. Àwọn aládùúgbò ló fà á dìde. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, méjì mìíràn tẹ̀lé e.

Ìròyìn yìí dé Ibafo. Hàfísátù kò lè jẹun lọ́jọ́ tí ó gbọ́ ọ. Ó kọ lẹ́tà sí Olóyè: *Iṣẹ́ yín dára, sà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ilé òògùn.* Lẹ́tà náà lọ sùn nínú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀. Ó kọ èkejì, ó kọ ẹ̀kẹta; wọ́n lọ bá ẹ̀gbọ́n wọn. Ó wá gbé gálọ́ọ̀nù òògùn tirẹ̀ àti ẹ̀rọ ìfínòògùn kan, ó kọrí sí Ifo fúnra rẹ̀.

Sùwéébátù wò ó lókè wò ó nílẹ̀. "Ṣé ìwọ lo ni iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ti ilẹ̀kùn?"

"Èmi ni, Màmá." Hàfísátù kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀ ọgbà náà. "Ẹ má bínú. Iṣẹ́ mi kò ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn kankan."

Ìyá náà nawọ́ sí i. "Dìde," ni ó wí. "Mẹ́rin ló kù. Èyí tó pupa yẹn máa ń tàpá, apá òsì ni kó o gbà yọ sí i."

Wọ́n fín àwọn mẹ́rin náà. Wọn kò kú.

Nígbà tí ọjọ́ ayẹyẹ ku ọ̀la, Olóyè kó àwọn ènìyàn mọ́kànlá rẹ̀ wá sí yàrá Hàfísátù ní Ibafo láti wá yan eégbọn tí wọn yóò fi han àlejò pàtàkì. Yàrá náà kò gba ju mẹ́rin lọ, àwọn yòókù ń kan sáárá láti ojú fèrèsé.

Ìgò méjì wà lórí tábìlì, ogójì eégbọn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn eégbọn inú ìgò kìíní ni Hàfísátù ti gún lábẹ́rẹ́ ìpalẹ́numọ́. Ara wọn rọ, ojú wọn ti kú, àwọn kan dùbúlẹ̀ gbalaja. Àwọn ti ìgò kejì, omi lásán ló gún wọn, kí ó lè fi wọ́n wé ti àkọ́kọ́. Àwọn wọ̀nyí ń sáré lọ sáré bọ̀, ẹ̀yìn wọn ń dán bí idẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọsàn wẹ́wẹ́ bó, wọ́n sì ń na ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá mí sí tòsí.

Olóyè wo ìgò kìíní, ó yínmú. "Kí ni ìwọ̀nyí? Ṣé ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń bọ̀? Ẹ fẹ́ kí àlejò mi wá rí eégbọn tí kò jẹun kánú?" Ó yíjú sí ìgò kejì. "Ẹ̀hẹ́n! Eégbọn tó yẹ ọlọ́lá nìyí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kí mi! Ẹ di wọ́n fún mi."

"Sà, ìwọ̀nyí kò tíì dákẹ́ o! Omi ni mo fún wọn. Ebi sì ti ń pa wọ́n láti oṣù méjì. Àti pé bí ẹ bá gbé wọn lọ, n kò ní ohun tí mo lè fi wé ìgò kìíní mọ́. Iṣẹ́ ọdún kan ni."

"Dókítà," ni Olóyè wí pẹ̀lú ẹ̀rín bàbá sí ọmọ, "bí ọ̀gá bá ti wo nǹkan, ó ti dákẹ́."

Àwọn tó wà lójú fèrèsé pàtẹ́wọ́. Bólúwadúró gbé ìgò kejì sábíyá, wọ́n lọ. Hàfísátù sáré kọ ìwé kan lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó wọ mọ́tò: *Ẹ lè gbé wọn wò, sà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ṣí ìgò náà. Èémí ẹnu ni irú eégbọn yìí fi ń mọ ibi tí oúnjẹ wà. Ẹni tó bá ń mí jù ni wọ́n máa ń lọ bá.* Bólúwadúró kà á. Ó rí *ṣùgbọ́n*. Ó ká a mẹ́rin, ó fi sápò.

Ọjọ́ pé. Lórí pápá ilé ìwé kan ní Ifo, wọ́n ta kánópì mẹ́fà. Àlejò pàtàkì, ọ̀gá ńlá kan láti Abẹ́òkúta, ti jókòó. N kò ní í dárúkọ rẹ̀, nítorí ibi tí eégbọn padà já sí lára rẹ̀. Àwọn ọlọ́sìn dúró nínú oòrùn, Sùwéébátù wà láàárín wọn, Hàfísátù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀mú kékeré lọ́wọ́ àti ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ó mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀.

Olóyè wọ agbádá funfun. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ogójì eégbọn sínú àwo tánganran kan níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" ni ó bú ramúramù. "Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni eégbọn ti ń sọ̀rọ̀ lára ẹran wa! Mùsùlùmí kò pa á lẹ́nu mọ́! Kírísítẹ́nì kò pa á lẹ́nu mọ́! Òyìnbó amúnisìn dé, ó bá eégbọn lẹ́nu iṣẹ́, ó kúrò, ó fi eégbọn sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́! Èmi Ògúnkànmí ni mo wọ inú ara eégbọn lọ, tí mo já ìwé gbà lọ́wọ́ òjíṣẹ́ rẹ̀, tí mo wí fún un pé: pa ẹnu mọ́!"

Mo fẹ́ kí ẹ fi ojú inú wo àwo náà. Ogójì eégbọn tí ebi ń pa wà nínú rẹ̀, ọkùnrin kan sì dúró sókè wọn, ó ń mí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Olóyè ti pinnu láti sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àádọ́ta. Nígbà tí ó pé ìṣẹ́jú márùn-ún, àwo ti dá ìdajì. Nígbà tí ó pé mẹ́wàá, àwo ti ṣófo. Kò sí ẹni tó wo àwo. Ẹnu Olóyè ni gbogbo wọn ń wò, gẹ́gẹ́ bí àṣà.

Ní ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún, Olóyè dákẹ́ láàárín gbólóhùn. Ó gbé èjìká ọ̀tún sókè. Ó gbé ti òsì. Ẹni ńlá kì í họra ní gbangba, nítorí náà ó fi ìdí lọ́ra mọ́ àga. Bólúwadúró rò pé àṣà ìsọ̀rọ̀ tuntun ni. Òun náà gbé èjìká ọ̀tún, ó gbé ti òsì, ó fi ìdí lọ́ra. Ni àwọn mẹ́wàá yòókù bá bẹ̀rẹ̀. Gbogbo tábìlì ọlọ́lá ń gbé èjìká.

"Wọ́n ti… wọ́n ti dákẹ́!" ni Olóyè ń wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Eégbọn kò lẹ́nu mọ́! Kò lẹ́nu… Yéè! Ìyá mi o!"

Ó sọ ẹ̀rọ gbohùngbohùn nù. Ó bọ́ agbádá. Ó bọ́ bùbá. Bólúwadúró bọ́ bùbá tirẹ̀ tẹ̀lé e láti bu ọlá fún un. Lákòókò yẹn gan-an ni àlejò pàtàkì fò sókè, tí ó di ara rẹ̀ mú níbi tí mo ti ní n kò ní í sọ. Kánópì kan wó.

Hàfísátù nìkan ló sáré síwájú. Ó fi ẹ̀mú kékeré já wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí orí wọn má baà kù sínú ẹran ara, ó ń dá wọn padà sínú ìgò, ó ń kà wọ́n. Méjìdínlógójì ló kọ́kọ́ rí. Wọ́n mú Olóyè àti àlejò pàtàkì wọ kíláàsì kan láti wá méjì tó kù. Onímọ̀ tòótọ́ ni Hàfísátù, kò sì fẹ́ kí iṣẹ́ kankan ṣòfò. Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀, níbi tí ó ti máa ń kọ ẹranko tí eégbọn ti mu ẹ̀jẹ̀. Lókè, ó ti kọ *ehoro*, *ehoro*, *ọmọ màlúù*. Lábẹ́ wọn, ó kọ *Olùdarí Àgbà*.

Nígbà tí wọ́n jáde, Sùwéébátù ti dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Kò pariwo. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún àlejò láti Abẹ́òkúta.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ ti rí bó ṣe ń dùn. Tiyín jẹ́ ọ̀kan, wọ́n sì tètè já a. Ti Tanímọ̀la mi lé ní igba, wọ́n sì ní ká má fọwọ́ kàn án. Ilé òògùn ló wà níwájú yín yẹn, tó ní àgádágodo méjì. Mẹ́ta ló ti kú nínú méje mi. Ẹ bá wa béèrè kọ́kọ́rọ́."

Ọ̀gá náà kò béèrè kọ́kọ́rọ́. Ó ní kí wọ́n fọ́ àgádágodo. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ọlọ́sìn ti tò.

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí ẹlẹ́ni mẹ́ta dìde. Nínú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti rí lẹ́tà mẹ́tàlélọ́gọ́ta, *ṣùgbọ́n* nínú gbogbo wọn. Wọ́n pe Bólúwadúró.

"Kí ló dé tí ẹ kò fún ọ̀gá yín ní àwọn lẹ́tà wọ̀nyí?"

"Nítorí pé Olóyè ní ẹ̀jẹ̀ ríru, sà."

"Olóyè, ṣé ẹ mọ̀ pé òjíṣẹ́ yín ń ti ìwé yín mọ́lé?"

"Ta ni yóò sọ fún mi?" ni Olóyè béèrè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó béèrè ìbéèrè tó bọ́gbọ́n mu nínú iṣẹ́ náà.

Wọ́n ní kí ó ṣàlàyé fún àwọn, ní ṣókí, ohun tí pípa jíìnì lẹ́nu mọ́ jẹ́. Ó sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ohun tí akọ̀wé ìgbìmọ̀ kọ sílẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: *Kò mọ̀*. Wọ́n yọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n gbé Bólúwadúró lọ sí ẹ̀ka mìíràn, níbi tí mo gbọ́ pé oòrùn tún ti ń yọ nítorí ẹlòmíràn.

Ibà eégbọn mú Olóyè. Ó lo ọjọ́ mẹ́jọ lórí ibùsùn ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Mowe. Nínú àwọn ènìyàn mọ́kànlá, ẹyọ kan kò wá kí i. Ní ọjọ́ kẹfà, nọ́ọ̀sì ní obìnrin kan ń béèrè rẹ̀. Sùwéébátù ló wọlé, ó mú ọsàn mẹ́rin lọ́wọ́, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Mo gbọ́ pé ara yín gbóná," ni ó wí. "Ìtọ̀ yín ńkọ́? Ṣé ó pọ́n?"

"Kò pọ́n, Màmá."

"Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní í kú." Ó gbé ọsàn sílẹ̀, ó lọ.

Olóyè yí ojú sí ògiri. Nọ́ọ̀sì tó wọlé láti wá wọn ara gbígbóná rẹ̀ rò pé ìrora ló ń pa á lẹ́kún.

Hàfísátù tún iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Nígbà tí ọdún fi máa parí, ó ti rí i pé àwọn abo eégbọn tí òun pa jíìnì wọn lẹ́nu mọ́ kò mu ju ìdajì ẹ̀jẹ̀ tí àwọn yòókù mu, ẹyin wọn kò sì pọ̀. Kò pe ẹnikẹ́ni síbi ayẹyẹ. Ó sọ fún Sùwéébátù pé kò tíì di òògùn, pé ó kù díẹ̀, ìyá náà sì dáhùn pé ká máa fín tiwa lọ ná.

Lọ́jọ́ Saturday kan nínú ọdún 2009, Olóyè Ògúnkànmí wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Ifo. Ṣòkòtò àti ṣáàtì ni ó wọ̀. Láti Magboro ni ó ti ń há ọ̀rọ̀ tí yóò sọ sórí, ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ gígùn kan tó ní ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin. Ó bá Sùwéébátù nínú ọgbà, ẹ̀rọ ìfínòògùn ní ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń bá màlúù pupa tó máa ń tàpá fa wàhálà.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko. "Màmá! Ní ọjọ́ òní tí oòrùn yọ, tí ẹyẹ ń ké, èmi tí mo ti jẹ́…"

"Ẹ dìde, ẹ bá mi di okùn yìí mú," ni Sùwéébátù wí. "Apá òsì ni kẹ́ ẹ dúró sí."

Ó dìde, ó di okùn mú. Màlúù náà gbọn etí, ó fi imú gbóòórùn rẹ̀. Ó tún la ẹnu láti máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Kò fẹ́ràn ariwo," ni ìyá náà wí.

Olóyè pa ẹnu dé. Ó di okùn náà mú dáadáa, wọ́n fín in láti ọrùn dé ìrù.